Ajílẹ̀ Tó Pa Tàtàsé ní Kimana

Àárọ̀ ọjọ́ tí Wayua rí i pé gbogbo tàtàsé òun ti kú tán, kò sunkún. Inú ló bí i. Etí ewé wọn ti gbẹ bí ẹni pé iná jó wọn, èso tó yẹ kó tóbi bí ìkúùkù sì rọ jọwọrọ lórí igi.

Gitonga, ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà ọ̀gbìn, ló ta ajílẹ̀ fún wọn. Wayua ló sì mú un wá sínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbin tàtàsé ní ìlú Kimana. Nígbà tí ewé kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, Gitonga wá wo oko, ó yọ ṣùtì sí wọn.

"Èpò ló ń gba oúnjẹ mọ́ tàtàsé yín lẹ́nu. Ọ̀lẹ ni yín! Ẹ ro oko!"

Wọ́n ro ó títí ọwọ́ wọn fi bó. Bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín tó ló ń kú sí i. Nígbà tó yá, Mwende, ọ̀rẹ́ Wayua, dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́, ó kọjú sí i.

"Ìyá Kyalo, ìwọ àti ọkùnrin yẹn lẹ jọ ṣe é."

"Mwende, èmi?"

"Ta ló mú un wá? Ṣé èmi ni?"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń kí Wayua lódò mọ́. Ní iléèwé, ọmọ olè ni wọ́n ń pe Kyalo ọmọ rẹ̀. Èyí ló dùn ún jù.

Ní àárọ̀ tí gbogbo rẹ̀ kú tán yìí, Wayua bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí àwọn tàtàsé náà dáadáa. Èpò ibẹ̀ pàápàá ti kú. Ní ẹ̀gbẹ́ oko, níbi tí ajílẹ̀ ò dé, èpò ń yọ̀ ṣìnkìn.

"Oúnjẹ wo ló ń pa ọmọ, tó tún ń pa olè tó fẹ́ jí i jẹ? Gitonga, ọwọ́ mi á tẹ̀ ẹ́ lónìí!"

Mutiso, àbúrò ọkọ rẹ̀, fi ọ̀kadà gbé e dé ọjà Loitoktok, níbi tó mọ̀ pé Gitonga ti ń tajà. Gitonga rèé lórí ọkọ̀ ẹlẹ́rù rẹ̀, tó ń polówó fún àwọn àgbẹ̀ mìíràn.

"Gitonga! Olè! Ẹ bá mi mú un!"

Gitonga fò sídìí ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Díẹ̀ ló kù kó tẹ Wayua pa. Mutiso gbá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n eruku bo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ náà pòórá. Wayua, lẹ́yìn ọ̀kadà, ń bú Gitonga títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan.

Ọkọ̀ náà ló dúró yẹn! Agbo màlúù tó ń lọ mu omi ti dí ọ̀nà pa. Gitonga ń fọn fèrè, kò sí èyí tó mira. Wọ́n ti na ọrùn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń lá àpò ajílẹ̀.

"Lé màlúù ẹ kúrò, bàbá! Ajílẹ̀ ni!"

Lemayian, darandaran Maasai tó ni agbo náà, rẹ́rìn-ín. "Màlúù mi ò mọ ajílẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n mọ̀." Ó fọwọ́ kan àpò, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́. "Iyọ̀ màlúù rèé! O kàn pa á láró ni."

Gitonga ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ sá. Mutiso fi ẹsẹ̀ gbá a, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn obìnrin Kimana ti kún ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n fa Gitonga lọ.

"Ta lẹ jọ ń ṣe é?" ni sájẹ́ǹtì bi Gitonga.

Gitonga nawọ́ sí Wayua. "Obìnrin yìí ni, sà."

Wayua ta dìde. "Tí mo bá mọ̀ pé iyọ̀ ni, ṣé màá dà á sóko ara mi?"

"Dáhùn!" Sájẹ́ǹtì lu tábìlì.

Gitonga dorí kodò. "Kò mọ nǹkan kan, sà. Èmi nìkan ni. Mo tan òun náà jẹ ni."

"Tún un wí," ni Wayua sọ. "Sókè. Kí Mwende gbọ́."

Ó tún un wí. Mwende di ọwọ́ Wayua mú, omi lójú.

"Ìyá Kyalo, mo ti ṣẹ̀ ẹ́."

"O ṣẹ̀ mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni kó o bẹ̀. Ọmọ mi wà ní iléèwé."

Mwende yí padà. Ó kọrí sọ́nà iléèwé, gbogbo àwọn obìnrin tó kù sì tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni Wayua tó sunkún.