Orúkọ Tàófíìk Lẹ́yìn Àga Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ tí Tàófíìk kọ́kọ́ rí Rosaline, imú ló ń wá aṣọ fún. Ìgbà kòrónà ni, ọlọ́pàá ò sì jẹ́ kí ẹni tí kò bo imú gba ojú títì Igbó-Ọrà lọ sí Èrúwà. Rosaline, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ń rán ìbòmú tà. Tàófíìk wọ ọ̀kan, kò bò ó dé àgbọ̀n.

"Ẹnu yín ló tóbi, bọ̀dá," ni Rosaline wí. "Àfi kí n rán ti ẹṣin fún yín."

"Rán an. Ẹnu tí mo fi ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀rún àga tí mò ń yáni lò, ṣé ó lè kéré ni?"

Rosaline rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ náà, adìẹ tó ti wà nínú ọbẹ̀ gbọ́ ọ, ó fẹ́ dìde. Tàófíìk gbàgbé ṣéńjì, ó gbàgbé ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kó gbàgbé orúkọ bàbá tó bí i.

Kí oṣù tó parí, ìbòmú tó ti rà lọ́wọ́ Rosaline tó bo imú gbogbo Ìbàràpá, títí kan ti ewúrẹ́. Rosaline wá ń pè é ní Ẹlẹ́nu mi. Òun náà ń pè é ní Oyin mi. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ogójì àga ni Tàófíìk ní, àga oníke funfun tó ń yá àwọn tó bá ń ṣe ìnáwó. Ìjọba sì ti fòfin de ìnáwó. Ewúrẹ́ nìkan ló ń jókòó sí i.

Ni ìròyìn bá dé pé owó ìrànwọ́ ń bọ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké tí kòrónà dá dúró. Orí fóònù ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Tàófíìk ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, Rosaline ló ń bá a tẹ̀ ẹ́.

"Àga mélòó? Ṣé ẹgbẹ̀rún náà ni kí n kọ?"

Ibi tó ti yẹ kó sọ òótọ́ nìyẹn. Ó wo ojú Rosaline, ojú tì í láti sọ pé ogójì.

"Kọ ọ̀ọ́dúnrún. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mò ń yangàn."

Nígbà tó yá, àwọn tó ń pín owó náà ní àwọn ń bọ̀ wá fojú rí àga. Ara Tàófíìk gbóná débi pé èèyàn lè fi dín ẹyin. Ó sọ fún Rosaline pé àga òun há sí ìlú Tápà, ọkọ̀ ò sì rìn.

"Oyin mi, ìjọba ti ti ṣọ́ọ̀ṣì yín pa, ọ̀ọ́dúnrún àga inú rẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni. Yá mi fún ọjọ́ kan péré."

Bàbá Rosaline ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí Rosaline ò tíì hu eyín.

"Bàbá mi ò gbọdọ̀ gbọ́," ni Rosaline wí. "Báwo wá ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé tìẹ ni?"

"Màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ mi sí i. Èémí lásán máa pa á rẹ́."

Nítorí ìfẹ́, Rosaline yọ́ mú kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ṣọ́ọ̀kì ò mú ara ike. Tàófíìk bá gbé ọ̀dà pupa, ó kọ TÀÓFÍÌK IGBÓ-ỌRÀ sẹ́yìn gbogbo wọn, gàdàgbà, ẹni tó wà l'Ékòó lè kà á. Àwọn olùbẹ̀wò wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ó kó àga padà, ó tò wọ́n léra, ó ní òun á máa yọ́ wá fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún Rosaline pé ọ̀dà lòun fi kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an nìjọba ní kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú òkùnkùn ìdájí, kálukú mú àga látinú òkìtì, ó gbé e jìnnà sí ti ẹnì kejì bí òfin ṣe wí. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n dìde kọrin ni kálukú rí ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀. Orin kú sí wọn lẹ́nu.

"Ṣé Tàófíìk ti ra ṣọ́ọ̀ṣì wa ni?" ni ìyá àgbà kan béèrè.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè dákẹ́. Bàbá Rosaline yíjú, ó wo ọmọ rẹ̀. Rosaline ò lè wò ó. Omijé rin ìbòmú rẹ̀ títí tí kò fi lè mí dáadáa.

Jẹ́jẹ́ ni àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Bàbá, ẹ lọ sinmi," ni wọ́n ní. Jẹ́jẹ́ yẹn dùn ún ju èébú lọ.

"Ká ní ẹ béèrè lọ́wọ́ mi ni," ni bàbá sọ nígbà tí wọ́n délé, "ǹ bá ti yá yín."

Rosaline kọjá sílé Tàófíìk. "Àga Tápà dà?"

"Kò sí àga ní Tápà."

"Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Oorun ò kun Tàófíìk. Ó gba Èrúwà lọ, ó bá obìnrin tó ń bójú tó owó ìrànwọ́, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó bá ti ní ogún àga la fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ká ní ẹ kọ ogójì yín ni, ẹ̀ bá ti gbà á. Ní báyìí, a máa yọ orúkọ yín."

Tàófíìk ò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ yọ ọ́, mà."

Ó wá bẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé kẹrosíìnì àti àkísà, ó jókòó sí ìta gbangba, ó ń ha ọ̀dà. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, "Tàófíìk, ẹ kú ìnáwó o." Ọkùnrin tí kò tíì pa ẹnu dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i kàn tẹjú mọ́ àkísà rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Rosaline wá dúró lókèèrè.

"Àga mélòó lo ní gan-an?"

"Ogójì." Ó tún ha ọ̀dà díẹ̀. "Mẹ́ta ti kán."

"Mẹ́tàdínlógójì nìyẹn."

"Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú rẹ̀ ń mì."

Rosaline kúnlẹ̀, ó mú àkísà. "O dójú tì mí, Ẹlẹ́nu mi. O dójú ti bàbá mi. Ká ní o sọ ogójì fún mi, ǹ bá ti fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni Tàófíìk lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó pẹ́ nílẹ̀ tó jẹ́ pé koríko ìbá hù sí i lẹ́yìn. Bàbá kàn ní kí wọ́n bu omi fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, òfin kòrónà ò tíì gba èrò púpọ̀, àga Tàófíìk sì tó gbogbo àlejò. Tàófíìk fẹ́ jókòó nígbà tí bàbá wọlé, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga kan dání, àga ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tí ọ̀dà rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí.

"Jókòó," ni bàbá wí. "Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀."

Tàófíìk jókòó, ó sorí kọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí dípò bàbá jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Rosaline bá na ọwọ́ sẹ́yìn àga náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo lẹ́tà pupa yẹn, kò sì gbé e kúrò títí àlejò fi lọ tán.