Àtùpà Pápá Bàálù

"Kọ́kọ́rọ́ náà nìyẹn," Wade sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Orí ìṣó lásán ló wà. Ta ló máa mọ̀?"

Masak bojú wo inú yàrá, níbi tí ìyá àgbà rẹ̀ ti tẹrí ba mọ́ ẹ̀wù onírun tó ń rán. Masak gan-an ni ìyá àgbà ń rán ẹ̀wù náà fún, ó sì ti kù díẹ̀ kó parí. Masak àti ìyá àgbà ló jọ ń gbé, torí ìlú ńlá ni ìyá Masak ti ń ṣiṣẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ ahéré kékeré tó wà létí pápá bàálù ni Wade ń sọ. Ìjì tó jà kí òtútù tó mú òkun dì ti ba iná pápá náà jẹ́, àwọn tó yẹ kó wá tún un ṣe sì ń fọ̀la dọ́la. Àpótí àtùpà oníbátìrì kan ló kù tí a gbójú lé. Bí àìsàn bá kọjá agbára wa, tí bàálù tó ń gbé aláìsàn bá ń bọ̀ nínú òkùnkùn, Bàbá Sakeak, ẹ̀gbọ́n ìyá Masak tó ń tọ́jú pápá náà, á to àwọn àtùpà yìí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí awakọ̀ lè rí ilẹ̀. Ní àsìkò tí oòrùn bá ti lọ sinmi lọ́dọ̀ wa ní ìpẹ̀kun àríwá ayé níbí, tí kì í yọ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkùnkùn ló sì pọ̀ jù. Ilé ìyá àgbà Masak là ń gbé kọ́kọ́rọ́ náà kọ́, a kì í fi í pamọ́, nítorí àìsàn kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ni yóò mú un. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án fún nǹkan mìíràn rí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin abúlé kejì ti ní àwọn ọ̀dọ́ wa ń wa alùpùpù yìnyín bí ẹni tó ru ẹyin. Ìje wá di dandan lórí ọ̀sà tó ti dì, Wade sì fẹ́ iná tí wọ́n máa fi sàmì sí ọ̀nà. Wade yìí ló mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá jù nílé ẹ̀kọ́ wa, kì í sì í sábà rí Masak bó tilẹ̀ dúró síwájú rẹ̀. Inú Masak dùn pé ó wá, ẹ má jẹ́ ká parọ́.

"Kí wọ́n tó jẹun alẹ́, a ti dá a padà," ni Wade wí. "Àbí ẹ̀rù Bàbá Sakeak ló ń bà ẹ́? Mo rò pé o ti kúrò lọ́mọdé ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà.

Ìje náà dùn, àwọn tiwa ló sì borí. Ṣùgbọ́n òtútù kì í fi bátìrì sílẹ̀. Kí ìje tó parí, àwọn àtùpà náà ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó wọn padà sínú àpótí bẹ́ẹ̀, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Masak fẹ́ cháàjì wọn lóòótọ́. Àmọ́ kó tó cháàjì wọn, ó gbọ́dọ̀ kó wọn wálé, Bàbá Sakeak sì ń wá jẹun níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ìjì yìnyín ń jà. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ara gbogbo ènìyàn ṣáà yá. Ìjáfara léwu, Masak sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ń dùn ún jù lọ ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ tó kú lọ́dún tí wọ́n bí i ló ń jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin lẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹ, nítorí náà bí Masak tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, "ọkọ mi" ni ìyá àgbà ń pè é. Bàbá yẹn ló máa ń fi ọ̀pá dán omi dídì wò ṣáájú gbogbo abúlé nígbà tí oòrùn bá padà. Tó bá ní ó gbà, ìyẹn ni pé omi dídì náà lè gbé ènìyàn, àwọn ìyá á gbé ọmọ wọn kọjá. Tó bá ní kí wọ́n padà, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Títí dòní, bí àwọn àgbà bá rí ọmọbìnrin náà lójú ọ̀nà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi í pé, "Masak, ṣé ó gbà?" Látìgbà ìje yẹn, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ilẹ̀ ti ṣú, ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín ń hó lórí iná. Ìyá àgbà jókòó sídìí ẹ̀wù náà, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ọkọ mi," ó ní, "ọwọ́ yìí ò gbọ́ tèmi mọ́."

Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Masak fò mọ́ rédíò tí a fi ń pe ara wa láti ilé dé ilé, ó pe Àǹtí Bertha tó ń tọ́jú aláìsàn lábúlé wa. Bertha dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ní kí màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹyọ kan ló gòkè. Ó pe dókítà ní ìlú ńlá. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, oògùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó wọ ara màmá. Bàálù ti ń gbéra.

Bàbá Sakeak wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì sọ fún awakọ̀ lórí rédíò pé, "Àtùpà wa wà ní sẹpẹ́. Ẹ máa bọ̀." Ó wá jáde lọ kó yìnyín kúrò lójú pápá ná.

Ibẹ̀ ló yẹ kí Masak ti sọ̀rọ̀. Wade wà lára àwọn tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé màmá, ó rọra mi orí sí i pé kó má sọ. Masak wá ń rò ó pé bóyá àtùpà náà ò kú tán, bóyá wọ́n á ṣì tàn díẹ̀. Ó jókòó ti ìyá àgbà, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Níta, afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yìnyín. Àǹtí Bertha ń wo aago.

Ojú ìyá àgbà là díẹ̀. Ó jọ pé kò mọ ibi tó wà. Ó wo Masak, ó sì fi ahọ́n tó ti wúwo béèrè pé, "Ọkọ mi, ṣé ó gbà?"

Masak mọ̀ pé òun kọ́ ló ń bi. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń bi nípa omi dídì àtijọ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò gbà, Ìyá àgbà," ó ní.

Ó dìde, ó já rédíò gbà lára ògiri. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ rédíò yẹn, tọmọdé tàgbà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Sakeak, Masak ni. Àwọn àtùpà yẹn ò ní tàn. Èmi ni mo kó wọn lọ fún ìje orí ọ̀sà. Mo dá wọn padà láì cháàjì wọn, mi ò sì sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàálù padà."

Rédíò ń hó lásán. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá Sakeak dé, kò sì ga rárá.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ní alùpùpù yìnyín, kó gbé e wá sí pápá báyìí. Ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gbogbo iná ni kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ kọ atẹ́gùn, ibi tí bàálù náà máa kọjú sí bó bá ń balẹ̀, kó má baà fọ́ awakọ̀ lójú."

Ká tó wí ká tó fọ̀, iná ti ń jáde láti ilé gbogbo. Àwọn bàbá wá, àwọn ìyá wá, olùkọ́ wa pàápàá wá tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wade gbé tiẹ̀ lọ sí ìkangun pápá lẹ́bàá òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mú jù, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

A gbọ́ bàálù ká tó rí i. Ó ń yí po lókè nígbà tí àwọn tó gbẹ̀yìn ṣì ń wá àyè wọn. Ó sọ̀kalẹ̀, yìnyín bo ojú iná, ó tún gbéra lọ sókè. Awakọ̀ ní epo òun á tó fún ẹ̀ẹ̀kan sí i, pé lẹ́yìn ìyẹn òun á padà síbi tóun ti wá. Masak dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke yìnyín tí wọ́n tẹ́ ìyá àgbà sí, ó ń fi ara rẹ̀ dí afẹ́fẹ́ fún un. Ó bẹ Ọlọ́run, ó bẹ bàbá àgbà tó ni orúkọ rẹ̀. Bàálù sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ ilẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì dúró.

Ìyá àgbà kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn padà tí òun náà padà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Dókítà ní ká ní oògùn ti tètè wọ ara jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá ọwọ́ náà ì bá yè. Bóyá ni o, kò sẹ́ni tó lè fi dánilójú. Bóyá yẹn ni Masak ń gbé káàkiri.

Níwájú ìgbìmọ̀ abúlé, Wade jẹ́wọ́ pé òun lòun tì í ṣe é, wọ́n sì fi àwọn méjèèjì sídìí iṣẹ́ pápá bàálù títí ọdún á fi yí po. Ìyẹn ò dun Masak tó ti kọ́kọ́rọ́. Bàbá Sakeak ò bá a wí, kò nà án, ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò ara rẹ̀. Ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣófo. Lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó bi Masak ní ìbéèrè yẹn mọ́.

Òun ló wá ń parí ẹ̀wù onírun náà. Ìyá àgbà jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ kan júwe, ó sì ń fi ẹnu nà án: "Ṣé àwọ̀n ẹja lò ń hun ni? Tú u." Masak á tú u, á tún un rán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí ẹ̀wù náà, Bàbá Sakeak wọlé wá jẹun. Ó wo ẹ̀wù náà fúngbà díẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò, ó sì gbé e kọ́ sórí ìṣó.

"Ohun téèyàn bá bà jẹ́," ó ní, "ọjọ́ tó bà á jẹ́ gan-an ni kó sọ ọ́. Òtítọ́ tó pẹ́ kó tó jáde lè gba ẹ̀mí là, àmọ́ kò gba ọwọ́ là."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá àgbà fẹ́ lọ fi ìwọ̀ pẹja lórí ọ̀sà. Ó dúró létí omi dídì, ó gbára lé èjìká Masak.

"Ọkọ mi, ṣé ó gbà?"

"Mi ò tíì mọ̀, Ìyá àgbà. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Ó mú ọ̀pá bàbá àgbà rẹ̀, ó sì lọ síwájú, ó ń fi í gún gbogbo ibi tí ìyá arúgbó náà máa gbẹ́sẹ̀ lé.