Ọkùnrin Tó Fẹ́ Fi Bírékì Sí Kẹ̀kẹ́ Adérìnsọ́lá

Nígbà tí Adérìnsọ́lá kọ́kọ́ fojú kan Olúlékè, dírílì tí wọ́n fi ń lu irin wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì ti gbé ẹnu dírílì náà lé kẹ̀kẹ́ ìdíje Adérìnsọ́lá. Ó dúdú, ó ga, ọ̀rá ẹ́ńjìnnì yí i lápá dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì ń súfèé orin Aládùúrà jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣẹ ẹnì kankan. Ká sọ tòótọ́, ó dára lọ́kùnrin. Kì í kúkú ṣe ìyẹn ni Adérìnsọ́lá ń rò lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ú,” ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Bàbá yín ló ní kí n fi bírékì sí i. Wọ́n ní àwọn tó tà á fún yín rẹ́ yín jẹ.”

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Benedict, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sí ìsọ̀ mẹkáníìkì yìí ní Odode nílùú Ìdànrè nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á. Adérìnsọ́lá fara balẹ̀ ṣàlàyé pé kẹ̀kẹ́ orí pápá ni, pápá roboto tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé sókè bí etí àwo. Kò sí ẹni tó ń fi bírékì sí irú rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró. Bí wọ́n bá lu ú pẹ́nrẹ́n, àwọn aláṣẹ ìdíje ò ní jẹ́ kó fi sáré mọ́.

Olúlékè gbé dírílì sílẹ̀. “Ẹ̀yin náà le o. Ẹ ń sáré láìronú bí ẹ ó ṣe dúró.”

“Mo máa ń dúró níbi tó bá wù mí.”

“Ó dáa, ẹ dúró níbí kí n ra mínírà fún yín.”

Ó dúró, ó mu ún, ó sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì láìsí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi fẹ́ra wọn sọ́nà, ojú wọn sì rí nǹkan. Lọ́dún àkọ́kọ́, Adérìnsọ́lá gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìdíje ní Káírò, gbogbo Odode ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Lọ́dún kejì, ó ṣubú nínú ìdíje kan nílẹ̀ Faransé, eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè. Àwọn tó ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló tún ń wá nídìí kẹ̀kẹ́.

Olúlékè ò bi í. Òun ló ń bá a gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le, òun náà ló ń gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e láti Odode dé Aládé láàárọ̀ Sátidé, tó ń fi fóònù ka ìṣẹ́jú fún un.

“Ìfẹ́ mi, ìyá arúgbó tó ń lọ sóko kòkó ti fẹ́ẹ̀ yà ọ́ sílẹ̀ o.”

Adérìnsọ́lá á fajú ro, á sì tún múra sí i. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdílé méjèèjì wá fẹnu kò sí ọjọ́ Sátidé kan fún mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé fi dé láti ọ̀dọ̀ àjọ eré kẹ̀kẹ́ ní Àbújá: wọ́n ti dá Adérìnsọ́lá padà sínú ẹgbẹ́, Káírò ni ìdíje, Sátidé yẹn gan-an ni wọn yóò sì sá àṣekágbá.

Ọ̀rọ̀ dà rú. Nítorí èjìká tó ṣẹ́, wọ́n ti sún ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ̀ẹ̀kejì yóò di àbùkù fún ìdílé ọkọ. Ìyá Olúlékè kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, “Bó bá lọ, ó ti fún wa lésì nìyẹn.”

Adérìnsọ́lá ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ ìwé yìí, òmíràn lè má dé mọ́.

“Lọ,” ni Olúlékè wí.

“Màmá ńkọ́?”

“Èmi ni màá bá wọn sọ ọ́.”

“Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?”

“Mi ò ní purọ́ fún ọ, Sọ́lá. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ.”

Ó lọ. Ó sá eré tí kò sá irú rẹ̀ rí, ó ṣe ipò kẹrin. Ìbú táyà kan ló fi pàdánù bàbà. Ìyẹn ò pa á lẹ́kún, torí ó mọ̀ pé agbára òun ti padà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé láti ọ̀sán Sátidé ni Olúlékè ò ti gbé fóònù mọ́.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Olúlékè ló bá ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, nínú aṣọ funfun ìjọ rẹ̀. Olúlékè dúró lẹ́bàá fèrèsé, kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Adérìnsọ́lá kúnlẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn.

“Màmá, ẹ forí jì mí. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ Sátidé.”

“A rí i pé o ò sí,” ni obìnrin náà wí. “Gbogbo wa la wá.”

Adérìnsọ́lá gbójú sókè.

“Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí fi dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Mo wá rò ó pé àwọn ènìyàn rẹ ni a fẹ́ wá mọ̀. Ìwọ, a ti mọ̀ ọ́.” Ó fà á dìde. “Èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ fún ọ.”

Omijé tí kò jáde ní Káírò wá jáde wàyí. Bàbá rẹ̀ ń wá awò ojú rẹ̀ kiri.

“Ó tó,” ni Ìyá Olúlékè wí. “Jókòó, kí o gbé ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ àwọn eré rẹ sí wá. Ká mọ ọjọ́ tí o ò ní sáré, ká lè fi ìgbéyàwó sí i.”