Ojú tí Olúwadọ̀tun Yà

"Ṣé àwòrán nìyí, àbí ẹnì kan da ọ̀dà nù?"

Olúwadọ̀tun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó káwọ́ gbera síwájú pátákó tí Jàfárù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀, ó sì yínmú. Gbogbo kíláàsì SS2 bú sẹ́rìn-ín. Jàfárù kun gbogbo ilẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó kán ọ̀dà funfun síbi mẹ́ta lórí rẹ̀, ó ní màlúù ni. Níwájú àwọn màlúù náà, ó fa ìlà pupa kan tó dùbúlẹ̀ sórí koríko. Ó tán. Kò sí igi, kò sí oòrùn, kò sí darandaran.

"Màlúù tí kò ní ìwo," Dọ̀tun tún sọ. "Àbúrò mi tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ń ya jù báyìí lọ. Ìlà pupa yìí ńkọ́? Okùn ni àbí wáyà?"

"Ọ̀pá ni," Jàfárù dáhùn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dọ̀tun mọ̀ ọ́n yà lóòótọ́. Tó bá ya adìyẹ, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìyẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́ ẹlòmíì láì yínmú sí i. Jàfárù, tó dé láti Ìgànná ní sáà tó kọjá, tí òun àti ìyá rẹ̀ aránṣọ ń gbé yàrá kan ní Àkẹ̀sán, kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. "Ará oko" ló ń pè é.

Àwòrán kan ṣoṣo ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbé lọ síbi ìpàtẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìgándò. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wọn, wo gbogbo rẹ̀ tán, ti Jàfárù ló mú.

"Sà, kí lẹ rí níbẹ̀?" Dọ̀tun bi í. Òun ti ya abúlé kan tòun ti odò, ọ̀pẹ mẹ́tàlá, àti agbo màlúù tí irun ara wọn ń dán.

"Tìẹ dára," olùkọ́ náà ní, "ṣùgbọ́n bí mo bá ti wò ó tán, ó parí náà nìyẹn. Tirẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi láti àná. Ta ló fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀? Níbo ló lọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí ká Dọ̀tun lára. Charity ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Gbàgbé ẹ̀ jàre, kì í ṣe ọdún yìí nìkan ni ìpàtẹ máa wà." Kò gbà.

Wọn kì í sábà tilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ ọnà. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù lọ sí pápá ìṣeré, Dọ̀tun wọlé, ó gbé àwòrán Jàfárù síwájú. Ó ní òun kàn fẹ́ tún un ṣe kí ojú má baà ti ilé-ìwé ni. Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀. Ó fi àwọ̀ ewé bo ọ̀pá tó wà nílẹ̀, ó ya darandaran kan sáàárín pápá, ó dé e ní fìlà, ó sì fi ọ̀pá náà sí i lọ́wọ́. Ó ya ojú ọkùnrin náà dáadáa, ojú ọlọ́yàyà, eyín funfun báláú, bí ẹni inú kàlẹ́ńdà.

"Báyìí ló yẹ kó ti rí," ó wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn lọ Ìgándò ti dúró sẹ́nu géètì. Olùkọ́ ṣí aṣọ kúrò lórí àwòrán. Jàfárù súnmọ́ ọn. Ó fi ìka kan ojú ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín náà, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ta nìyí?" ó béèrè.

Olùkọ́ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá mi ló ń da màlúù," Jàfárù ní. "Inú pápá ló ṣubú sí, tó kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà. Ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé fún wa. Mi ò rántí ojú rẹ̀, kò sì sí fọ́tò kankan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ya ènìyàn sí i. Ojú wo ni mo fẹ́ yà?"

Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ wo aago. Ó mí kanlẹ̀. "Dọ̀tun, lọ gbé tìẹ wá. A ò lè lọ lọ́wọ́ òfo."

Ohun tí Dọ̀tun ń wá ló dé yìí. Ó gbé àwòrán rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. Jàfárù ti ń fi áńkáṣífù nu ojú ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ń lọ, koríko ń bá a lọ, màlúù kan sì ti di ìdọ̀tí.

"Sà, èmi ni," Dọ̀tun wí. "Èmi ni mo yà á. Mo rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe ni."

Olùkọ́ wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "O mọ irun màlúù yà," ó ní. "Ènìyàn tó jókòó tì ọ́ ni o ò rí. Gbé pátákó ẹ padà."

Ọkọ̀ náà padà lófìfo. Lọ́dún yẹn, ilé-ìwé wọn kò ní àwòrán kankan ní Ìgándò.

Nígbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé, Dọ̀tun sáré bá Jàfárù lẹ́bàá géètì. "Jọ̀ọ́, tún un yà. Màá ra gbogbo ọ̀dà tó o bá fẹ́."

"Mi ò lè yà á mọ́," Jàfárù dáhùn láì bínú. "Tí mo bá dijú báyìí, ọkùnrin tó o yà yẹn ni mò ń rí."

Dọ̀tun dúró síbẹ̀ títí Jàfárù fi lọ tán. Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan péré ni ì bá bi í, "Kí ló dé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀?" Ẹ̀gàn ni kò jẹ́ kó bèèrè. Ẹ̀yin èwe, bí iṣẹ́ ẹlòmíì bá ṣófo lójú yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi ṣẹ̀sín. Ó lè jẹ́ pé ohun tí kò sí níbẹ̀ gan-an ló ń dùn ún.