Òwú Abẹ́ Ilẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá Ọlọ́gbà fọ ẹsẹ̀ àkọ́bí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni iyẹ̀pẹ̀ tún wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó fi kànrìnkàn ha á títí, kò ṣí. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, àmọ́ ó da omi náà nù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ bá iyẹ̀pẹ̀ jà nígbà tí ọmọ ẹni ti ń dá jókòó?

Nítorí ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Oṣù mẹ́jọ ló fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn ò tíì rẹ́ sìmẹ́ńtì sí, tí oúnjẹ ń wọlé tí kò dúró lára, tí àwọn dókítà ń mi orí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ wo àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń lọ sókè sódò, kó tó kí i.

Igi kéékèèké ni Màmá Ọlọ́gbà ń mú hù nínú ọ̀rá, táwọn èèyàn ń wá rà láti lọ gbìn. Obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ṣe yẹ lọ ni. Lọ́dún náà, ó gbé iyẹ̀pẹ̀ kaná nínú dúrọ́ọ̀mù, ó yan án bí ẹni yan ẹ̀pà, kí kòkòrò má baà kù síbẹ̀. Kòkòrò kú lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo igi tó gbìn sínú rẹ̀, ewé wọn pọ́n, wọn ò ga, wọn ò sì kú.

Bàbá aṣọ́gbó tó máa ń gba ibẹ̀ kọjá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti yan ilẹ̀ pa, Màmá. Ẹ lọ bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí igi àgbà sí i. Ẹ ó rí òwú funfun kan nínú rẹ̀, tín-ín-rín báyìí. Ara olú tó ń hù nídìí igi gan-an nìyẹn. Èyí tí à ń rí lókè, èso rẹ̀ lásán ni. Gbòǹgbò ò lè wọ ibi tí òwú yẹn ń wọ̀ lọ bomi, òwú náà ò sì lè gòkè lọ gba oòrùn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Igi tó wà nínú oòrùn á tún gba inú òwú náà bọ́ èyí tó wà lábẹ́ òjìji."

"Ṣé igi tó ń fúnni náà mọ̀?"

Bàbá náà wo ilẹ̀. "Ta ló bi í?"

Màmá bu àpò mẹ́ta irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ wálé. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ewé àwọn igi náà ti dúdú minimini. Èyí tó ṣẹ́kù, ó dà á sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní aláìsàn kí òjò má baà wọ́ ọ lọ, ọmọ náà sì ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ torí pé ó tutù. Nígbà tó yá, ó béèrè oúnjẹ. Ó jókòó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Kò kíyè sí àbúrò ọmọ náà. Katapílà ni wọ́n ń pè é, torí pé kẹ̀kẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí ọkùnrin méjì ń tì, òun nìkan á tì í, á sì máa kọrin lọ. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà láàárín àwọn ọ̀rá, láìwọ bàtà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìjókòó rẹ̀ ti ń pọ̀ ju ìdúró lọ.

"Katapílà, ṣé ẹ́ńjìnnì ti kú ni?" ìyá rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó kàn rẹ̀ mí ni, Màmá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí yẹn, Màmá lóṣòó ti àkọ́bí tó ń sùn, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Òwú ni. Ó ti àtẹ́lẹsẹ̀ jáde, ó funfun, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì wọ inú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ náà. Màmá fi ìka wa ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó gba abẹ́ ògiri, ó yọ sí ẹ̀yìn ilé, ó gba àárín àwọn ọ̀rá kọjá, títí dé ìdí àpótí tí Katapílà jókòó lé, tó ti sùn lọ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ló wọ̀. Eegun èjìká ọmọ náà ti yọ.

Àyà Màmá já. Ó fa àlùmọ́gàjí tó fi ń gé ẹ̀ka yọ lápò. Kò tíì gé e, ó kàn fi irin kàn án ni, ló bá gbọ́ tí àkọ́bí ń mí gúlegúle ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ó yáa gbé irin náà kúrò.

"Èmi ni kí o mu," ó sọ fún ilẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, fi ọmọ yìí sílẹ̀." Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé òwú náà. Nǹkan fà á lẹ́sẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni òwú tó jáde lára Katapílà pín sí. Ọ̀kan lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èkejì, èyí tó nípọn jù, gìgísẹ̀ Màmá fúnra rẹ̀ ló wọ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí pé òun ti lóṣòó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé, orúnkún tó ti ń ro òun lọ́dún mẹ́ta kò sì ro òun rárá.

"Màmá."

Àkọ́bí ló di ògiri mú yìí, tó ń rìn bọ̀, òwú ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ má gé e."

"O mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kẹta tí ẹ ti da iyẹ̀pẹ̀ náà sílẹ̀. Ó ń dùn mọ́ni, Màmá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń dùn."

Màmá la àlùmọ́gàjí. Tirẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ gé, ó dá a lójú pé tirẹ̀ ni. Ó ki òwú náà sáàárín irin méjèèjì. Katapílà ń hanrun fẹ́ẹ́rẹ́ lórí àpótí. Màmá wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí àwọn ọ̀rá, kò pa irin náà dé.

"Tó bá di ọ̀la," ó wí, ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bo òwú náà padà.