Orúkọ Màríyámọ̀ Nínú Ìwé Ilé

Ejẹ́ńtì kan ló mú Ọládiméjì wá wo ilé olóògbé Alhaji Shittu tí wọ́n fẹ́ tà ní Ìkòsì lọ́jọ́ Sátidé kan. Màríyámọ̀ ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ejẹ́ńtì ò sì kí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ garawa kọjá, ó ń fọwọ́ júwe ibi tí kànga wà àti ibi tí ènìyàn lè kọ́ yàrá méjì sí i sí.

Àlejò ọ̀hún kì í ṣe ẹni tí ariwo ejẹ́ńtì lè gbé lọ. Ó béèrè bóyá ẹjọ́ wà lórí ilé náà ní kọ́ọ̀tù. Ó béèrè bóyá ìjọba ò ti gba ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè pé ọmọ mélòó ni bàbá tó ni ilé fi sílẹ̀ sáyé.

"Mẹ́ta péré," ejẹ́ńtì dáhùn. "Ọkùnrin ni gbogbo wọn, ohùn wọn sì ṣọ̀kan."

Màríyámọ̀ fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ títí omi fi tán lára rẹ̀. "Mẹ́rin ni wá," ó ní.

Ejẹ́ńtì rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọ̀gá má wulẹ̀ dá Aunty yìí lóhùn, ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ilé ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Màríyámọ̀, àbíkejì Alhaji Shittu, ẹni tó fi ọdún mẹ́fà gbáko wẹ bàbá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tó ń sáré ti ibi àlùbọ́sà tó ń tà ní Mile 12 bọ̀ lọ́sàn-án kó lè fún un lóògùn. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń wá kí bàbá lọ́jọ́ ọdún Iléyá nìkan ni wọ́n wá di ọmọ. Òun di ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ilé.

Ọládiméjì ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó bẹ Màríyámọ̀ pé kó má bínú, ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì yọ ìwé kékeré kan lápò, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni Màríyámọ̀ nígbà náà. Kò rántí ìgbà tí ọkùnrin kan ti bi í lọ́rọ̀ kẹ́yìn, kó sì dúró gbọ́ èsì. Ọkàn rẹ̀ fà sí i níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí i.

Lọ́jọ́ Tuesday, Ọládiméjì bá a níbi tó ti ń ta ọjà. Iṣẹ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ilé sì ni gbogbo àlá rẹ̀ torí pé Ajegunle tí odò ti ń ya wọlé lọ́dọọdún ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó ní kí Màríyámọ̀ sọ òótọ́ fún òun, ṣé omi kì í wọ ilé bàbá rẹ̀. Màríyámọ̀ ní ó ń wọ ọ́. Tí òjò oṣù keje bá ti rọ̀, omi gọ́tà á dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹni tó bá ra ilé náà gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sókè.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ lè ba ọjà àwọn ará ilé yín jẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ bi mí," ó ní.

Ó ra apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà kan tí kò nílò. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra òmíràn. Nígbà tí oṣù fi máa parí, gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ketu ló ti jẹ àlùbọ́sà ọ̀fẹ́, ó sì ti ń pe Màríyámọ̀ ní Àdúkẹ́. Òun náà ń pè é ní ayọ̀ mi, ojú kò sì tì í.

Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Joanna ló ń bá Ọládiméjì ṣe ọ̀rọ̀ ilé náà. Ó là á yé àwọn méjèèjì pé rìsíìtì lásán kò sọ ènìyàn di onílé. Ẹni tó bá kú láìkọ ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ilé, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tà á, ẹni tí wọ́n bá sì fò dá lè dé kọ́ọ̀tù lọ́la kó tú ọjà náà ká. Barrister Joanna lọ yẹ ìwé wò ní kọ́ọ̀tù. Ìwé ìbúra tó rí mú bọ̀ ni Ọládiméjì gbé lé Màríyámọ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni ọmọ tí olóògbé Alhaji Shittu bí sáyé. Sherifdeen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àwọn àbúrò méjèèjì tẹ̀ lé e. Wọ́n ti fi Kùránì búra.

Màríyámọ̀ jókòó lórí àpò àlùbọ́sà. Ká ní ilé nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá sunkún díẹ̀ kó gbé e fún Ọlọ́run. Bàbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà. Ta ni ọkùnrin tó wá kú sí ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà, ayálégbé?

Ó gba ilé Sherifdeen ní Iseri Olowora lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Sherifdeen kò tijú rárá. Ó ní nǹkan ìnira kan ò sí níbẹ̀, ìwé lásán ni, àwọn á fún un ní nǹkan tí wọ́n bá tà á tán.

"Obìnrin ni ẹ́, Màríyámọ̀. Ilé ọkọ lò ń lọ."

"Ilé ta ni mo ti fẹ́ lọ síbẹ̀, Bọ̀dá mi?" ó béèrè. "Ilé ta ni mo ti ń bọ̀?"

Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan, orúkọ òun ni òun fẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin ló ń kọ́ ọ. Wọ́n pe àwọn àgbà ẹbí lé e lórí, àwọn àgbà ní kó ṣe sùúrù. Ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ ni wọ́n sáà máa ń ní kó ṣe sùúrù nílẹ̀ yìí. Ọládiméjì ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó yé wọn: kọ́bọ̀ kan kò ní kúrò lọ́wọ́ òun títí orúkọ Màríyámọ̀ fi máa wọ ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí wọ́n fi padà sí kọ́ọ̀tù lọ búra tuntun.

Màríyámọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà débi pé ó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó ní, "Àdúkẹ́, jẹ́ ká jọ gbé inú ilé yẹn," kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mú ọjọ́ yìgì. Màríyámọ̀ ní òun kò gba owó ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ tòun, kí ó wà nínú ilé náà, kí Ọládiméjì san ìdá mẹ́ta tó kù, kí ilé sì di ti àwọn méjèèjì. Ọládiméjì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Tuesday, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n so yìgì, gbogbo wọn pàdé ní ọ́fíìsì Barrister ní Ketu. Àwọn ọmọ Shittu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, Ọládiméjì àti ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alhaja, jókòó sí òdìkejì. Barrister ń ka ìwé náà sókè. Nígbà tó dé ibi àwọn tó ń tà, ó pe Sherifdeen, ó sì pe Màríyámọ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ olóògbé Alhaji Shittu. Inú Màríyámọ̀ dùn dé gongo. Ó wá dé ibi ẹni tó ń rà. Ọládiméjì nìkan ló pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Barrister, ẹ tún ibẹ̀ kà."

Barrister tún un kà. Ó wo Ọládiméjì lójú, ó ní ọkùnrin náà ló ní kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun sì ti kìlọ̀ fún un pé kó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ọládiméjì ń wo tábìlì. "Mummy ló ní ká ṣì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Tá a bá ti so yìgì tán, a máa tún un ṣe."

Màríyámọ̀ ti bíírò síwájú. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yọ orúkọ mi, wọn ò pè mí ní Àdúkẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Mi ò fọwọ́ sí i."

Bí gbogbo nǹkan ṣe dúró nìyẹn, torí láìsí ọwọ́ rẹ̀, ilé kò ṣeé tà. Sherifdeen, ẹni tó fi Kùránì búra pé òun kò ní àbúrò obìnrin, wá ń pè é ní àbúrò mi àtàtà. Màríyámọ̀ kò wo ibẹ̀.

Alhaja ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun kò bá a jà, ẹ̀rù obìnrin tó mọ ìwé tó báyìí ló ń ba òun. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò nílé ọkọ, ìyàwó mi. Orúkọ mi ò sí nínú ìwé kankan. Mi ò kú."

Màríyámọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ilé ọ̀hún dà báyìí, mà?"

Àwọn àbúrò ọkọ Alhaja ti ta ilé náà kí ó tó jáde opó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ru iyanrìn rẹ̀ lórí, tó ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ fi kan òrùlé. Wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan fi hàn wọ́n. Bó ṣe di ará Ajegunle nìyẹn, tó ń fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè tí òjò bá ti ń ṣú.

Ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ó ní. "Ìwọ ni kò yẹ kó o gbà. O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù mi síta." Ó wá kọjú sí Barrister. "Ẹ kọ orúkọ ọmọ yìí sí i. Ẹ kọ ọ́ ṣáájú tiẹ̀."

Wọ́n tẹ ìwé tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màríyámọ̀ fọwọ́ sí i, ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ Shittu tó ń tà, ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rà. Alhaja fọwọ́ sí ibi ẹlẹ́rìí. Ó kọ orúkọ rẹ̀ tán pátápátá.

Orí àtẹ̀gùn ni Ọládiméjì ti bá Màríyámọ̀. Kò gbìyànjú láti dì í lọ́wọ́ mú.

"Inú ń bí mi sí ẹ gan-an, Ọládiméjì."

"Mo mọ̀. Mo ṣẹ̀ ẹ́, kò sí àlàyé."

"Á sì máa bí mi títí di ọjọ́ Jímọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ Sátidé ńkọ́?"

Màríyámọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. "Sọ fún Alfa kó tètè dé," ó ní.