Ọ̀rọ̀ Kan Lára Agolo Pọ́líìṣì

"Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì, wá bá mi ka nǹkan yìí!"

Bàbá ọmọbìnrin kan ló pè é bẹ́ẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọbìnrin náà ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, bàbá náà bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Agolo pọ́líìṣì tuntun ló wà lọ́wọ́ bàbá. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà méjì, tí wọ́n jọ ti ilé ìwé dé, ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ "inflammable" sára agolo. Kò rí ọ̀rọ̀ náà rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé "flame" ni ọwọ́ iná. Ó sì rántí pé tí wọ́n bá ti fi "in" ṣíwájú "correct", ohun tó tọ̀nà ti di ohun tí kò tọ̀nà nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ ní kó yẹ ìwé atúmọ̀ èdè inú báàgì rẹ̀ wò. Bó ṣe fẹ́ fà á yọ ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì náà ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀?"

Ojú tì í. Ó fa ọwọ́ padà. "Kì í gbiná, Bàbá," ló wí, bíi pé ó dá a lójú.

"Ó dáa. O ṣeun, ọmọ mi."

Bàbá ṣí agolo náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tó fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun kọ́bọ́ọ̀dù kan tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbé.

Àwọn ọmọ náà kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ bùlà! Iná ti ń yọ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin náà sáré padà, ó ń ké, "Bàbá mi o!" Ó gbá garawa omi mú.

"Má da omi sí i, iná á tàn kálẹ̀!" Ìyá Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti ru yanrìn dé. Ó fa káfíńtà jáde, ó da yanrìn bo agolo, ó tún sáré lọ bu òmíràn, títí iná fi kú.

Kọ́bọ́ọ̀dù ti di èédú. Irun ìpéǹpéjú bàbá ti jó tán, àmọ́ ara rẹ̀ kò bó. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Télọ̀, kò mọ bí ì bá ti dúpẹ́ tó.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀mí kò lọ. Igi ṣì pọ̀ nínú igbó."

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà yíjú sí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. "Èmi ni mo fà á, Bàbá. N kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ló tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá túmọ̀ sí?"

Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. "Ohun tó tètè ń gbiná. Ọ̀kan náà ni 'flammable' àti 'inflammable'. 'Non-flammable' ni èyí tí kì í gbiná."

"Ọ̀kan náà kẹ̀? Irú èdè wo rèé?" Bàbá fọwọ́ pa ojú rẹ̀ tó ń dán, ó rẹ́rìn-ín. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àbí n kò ti di ọ̀dọ́?" Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀. "Tí o kò bá mọ nǹkan, sọ fún mi pé o kò mọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ì bá nà án, kò nà án. Wọ́n jọ kan kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn ni, ọmọ ń fi yanrìn-bébà ha igi, bàbá ń fi ráńdà fá pákó.

Ní kíláàsì, òun fúnra rẹ̀ ló dìde sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ tó fi í ṣẹ̀sín lẹ́nu ọ̀nà dorí kodò. "Èmi náà rò pé kì í gbiná ni," ló wí. Tíṣà bá ní kí kálukú wá ọ̀rọ̀ tó máa ń rú u lójú. Ẹnìkan mú "sensible" wá, ìyẹn ẹni tó lóye. Ẹlòmíràn mú "sensitive", ìyẹn ẹni tí nǹkan tètè ń dùn. Gbogbo wọn rí i pé kò sẹ́ni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì tán.

Títí dòní, tí ọmọbìnrin náà bá ti gbóhùn bàbá rẹ̀ nínú ilé, ọpẹ́ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì kí ìtumọ̀ wọn má pàdé. Wọ́n sì lè dà bí ọ̀tá kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má méfò, ẹ wò ó, ẹ béèrè. Ìtìjú ẹni tó ní òun kò mọ̀ kì í pẹ́ lójú. Àbámọ̀ ẹni tó díbọ́n pé òun mọ̀ ni kì í tètè tán.